Ẹ Kọ́kọ́ Pa Èlé, Kí Ẹ Tó Ṣọ́ Owó Àkàrà

LẸ́TÀ: Gààrí ni mo ń tà lọ́jà Kétu níbí, iṣẹ́ zémì, alùpùpù akérò, ni ọkọ mi ń ṣe. Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá, mo yá 50,000 sẹ́fà lọ́wọ́ olówó èlé kan. 5,000 ni mo ń kó fún un lóṣooṣù, owó náà kò sì dín. Mo tún jẹ oníṣòwò aṣọ ní 38,000 nítorí aṣọ ẹbí, mo sì jẹ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní 20,000. Mo wà nínú èsúsú, àwa obìnrin méjìlá, 5,000 lóṣù. Èmi ni ẹni kẹjọ, ẹni kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Àwọn èèyàn ní kí n máa ṣọ́ owó kékeré, pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo ti ń ṣe é láti oṣù mẹ́ta: mi ò ra àkàrà àárọ̀ mọ́, mi ò gun zémì lọ sọ́jà, mo dín Maggi kù. Mo ń rí bí 150 sẹ́fà lójúmọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ò yẹ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi ni? Arákùnrin kan tiẹ̀ sọ pé tí mo bá lè wá 30,000, òun á sọ ọ́ di 60,000 láàárín oṣù kan lórí fóònù. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Onígààrí, Kétu.

ÌDÁHÙN: Ìyá Onígààrí, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Wọn ò parọ́ fún yín. Ìṣirò kan ló wà níbẹ̀ tí wọn ò bá yín ṣe. 150 lójúmọ́, tí a bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ ṣe é, 4,500 ni. Olówó èlé ń gba 5,000. Gbogbo àkàrà tí ẹ ò jẹ láti oṣù mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ ló gbà lọ, ẹ sì tún ń wá 500 kún un nínú èrè gààrí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ṣọ́wó tí ẹ ò rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wo owó ọ̀hún dáadáa. 5,000 lóṣù lórí 50,000, tó bá fi pé ọdún, èlé nìkan ti di 60,000, ó ti ju owó tí ẹ yá lọ, 50,000 náà á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Láti ọdún 2014, òfin orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó jọ ń ná sẹ́fà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, tó fi mọ́ Bẹ̀nẹ̀, kò gbà kí ilé ayánilówó kéékèèké gba ju ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Báǹkì ńlá, ìdá 15 ni. Ìdá 24 lórí 50,000, 12,000 péré ni fún odidi ọdún. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ ni ẹni yìí ń gbà lọ́wọ́ yín. Láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ológò ni olówó máa ń rán lọ sílé onígbèsè, kó jókòó tì wọ́n, kó máa yọ wọ́n lẹ́nu títí wọ́n á fi san án. Olówó èlé tiyín kò níṣẹ́ tó máa rán ológò. Kí ni yóò máa lé owó rẹ̀ fún, nígbà tó jẹ́ pé bí owó náà bá ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ yín ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó?

Nítorí náà, nínú àwọn mẹ́ta tí ẹ jẹ lówó, òun ni ẹ óò kọ́kọ́ san. Mo mọ̀ pé ojú oníṣòwò aṣọ ló ń tì yín jù, torí pé ẹ jọ ń ríra lọ́jà. Ẹ jẹ́ kó máa tì yín fúngbà díẹ̀. 38,000 ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní di 40,000 lóṣù tó ń bọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n yín náà kò ní lé sí i.

Níbo ni 50,000 á ti wá? Ọwọ́ yín ló wà, nínú èsúsú yẹn. Ẹ̀yin ẹ rò pé ìfowópamọ́ lásán ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èsúsú, àwìn tí kò ní èlé ló gbà yẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló yá a lówó. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹni kẹjọ, ẹ ti ń yá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lówó lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́wọ́ kan náà ẹ ń fi èlé ìdá mẹ́wàá lóṣù gba ti ẹlòmíràn. Àwọn baba wa tó dá èsúsú sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n gbé e kọjá òkun lákòókò ẹrú, ó di susu ní Trinidad, wọ́n ń dá a níbẹ̀ títí dòní. Agbára rẹ̀ ni pé ẹni tí ìyà ń jẹ jù lè kó ṣáájú, tí ẹgbẹ́ bá gbà fún un.

Ẹ lọ bá olórí èsúsú nílé. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi ìpàdé, torí bí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀ níwájú obìnrin méjìlá, ìyá kan á ní òun náà ní wàhálà tòun. Ẹ ní kó bá yín rí ẹni kẹrin, ẹni tó máa kó lóṣù tó ń bọ̀, kó bi í bóyá ó lè bá yín pààrọ̀. Tí kò bá ní nǹkan kánjúkánjú tó fẹ́ fowó rà, ó ṣeé ṣe kó gbà, pàápàá bí ẹ bá fi 2,000 sẹ́fà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 2,000 yẹn kì í ṣe ìnákúnàá. Láti orí ẹni kẹrin dé orí ẹni kẹjọ, oṣù mẹ́rin ni. 20,000 ni olówó èlé ì bá gbà lọ́wọ́ yín láàárín rẹ̀. Kí pàṣípààrọ̀ náà ṣojú ẹlẹ́rìí méjì, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó, 5,000 yín kò gbọdọ̀ yẹ̀ lóṣù kankan títí èsúsú á fi parí. Ìyá, ìlú yín kò tóbi. Obìnrin tó kó èsúsú tán tó wá ń fara pamọ́, kò sí ẹgbẹ́ tó máa gbà á mọ́ títí ọmọ rẹ̀ á fi dàgbà.

60,000 ni ẹ óò kó. 50,000 àti èlé oṣù yẹn, 5,000, lọ sọ́dọ̀ olówó èlé. 2,000 lọ sọ́dọ̀ ẹni kẹrin. 3,000 ṣẹ́kù, ẹ fà á lé oníṣòwò aṣọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an kó lè mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé òun.

Láti ọjọ́ yẹn ni owó àkàrà tó níṣẹ́ tó ń ṣe. 4,500 tí ẹ ń rí lóṣù, àti 5,000 tó ti ń lọ sí èlé tẹ́lẹ̀, 9,500 ni. Gbèsè tó kù jẹ́ 55,000. Oṣù mẹ́fà, ó tán.

Àmọ́ owó kékeré kì í dúró síbi tí a fi í sí. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ so 150 mọ́ ìdí aṣọ láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọmọ ti gba 50 ra bíìrò, 100 tó kù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja. Àwọn kan á ní kí ẹ máa dá a fún alájọ. Mo fẹ́ràn alájọ: páálí kékeré yẹn tó ní àyè 31, tí á fi bíìrò pupa fàlà sí ọ̀kan lójúmọ́, ó máa ń dá èèyàn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan nínú oṣù, tirẹ̀ ni. Ẹ dá 150 fún ọjọ́ 31, 4,650 ni, 4,500 ni á kó fún yín. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lè san ìyẹn, ó tọ́ sí alájọ. Ẹ̀yin ní alájọ tí kì í gba nǹkan kan: oníṣòwò aṣọ. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí ẹ tó kó gààrí kúrò nílẹ̀, ẹ gbé ohun tí ẹ rí lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ 700, kó kọ ọ́ sínú ìwé tiẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú tiyín. Bó ti wù kó jẹ́ oníbìínú tó, kò ní kọ owó.

Ó ku ibi tí ẹ óò ti máa rí owó yẹn. Ní tòótọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Maggi sílẹ̀. Irú dùn jù ú lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sí gbèsè tó ti inú ìkòkò ọbẹ̀ kúrò. Zémì, bí ilé yín kò bá jìnnà sọ́jà, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn nígbà tí ọwọ́ yín bá ṣófo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ru àpò gààrí, ẹ gùn ún. Owó oògùn ọrùn àti ẹ̀yìn ju owó zémì lọ fíìfíì. Àwọn ọmọ kò sì gbọdọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ lébi nítorí ẹ ń ṣọ́ owó àkàrà. Ọ̀gì tí ẹ bá sè nílé á yó wọn ju àkàrà méjì lọ. Àgbàdo ọ̀gì náà, oṣù kẹjọ ni kí ẹ rà á, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè lóko. Tó bá di oṣù karùn-ún, kí ti tuntun tó jáde, ẹni tó ń rà á ní ìwọ̀n kékeré kékeré ló ń sanwó jù. Ẹ̀yin àti aládùúgbò kan lè jọ ra àpò kan, kí ẹ sá a kó gbẹ kó máa dún nínú ọwọ́, kí ẹ dì í sínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

Ohun tó ń pa yín lára jù, ẹ ò tiẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo kàn fura sí i torí gbogbo àwọn olóńjẹ ọjà ló ń ṣe é: gààrí tí ẹ ń bù lọ sílé. Ìwọ̀n kan lálẹ́ òní, méjì nígbà tí àlejò dé, kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ọjà mìíràn, owó kò pé, ẹ ní ọjà kò yá. Ọjà yá o, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Ẹ ní àpò méjì, ọ̀kan tọjà, ọ̀kan tilé. Gààrí tí ẹ bá bù, kí àpò ilé san án fún àpò ọjà ní iye tí oníbàárà á san. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, á jọ eré ọmọdé lójú yín. Kí oṣù tó parí, ẹ óò mọ iye tí ilé yín ń jẹ gan-an.

Ẹ ò sọ bóyá ọkọ yín mọ̀ sí gbèsè náà. Bàbá rẹ̀ ni a sin. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ zémì kò rọrùn mọ́ látìgbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lópin oṣù karùn-ún 2023, tí kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lójú títì, fi gbówó lórí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Síbẹ̀, ẹ sọ fún un lálẹ́ nígbà tó bá jẹun tán, ẹ fi ìwé yín hàn án. Iyekíye tó bá dá lé e á gé oṣù mẹ́fà yẹn kúrú. Òkú mìíràn tó bá sì ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí, ẹ ra gèlè nìkan. Wọ́n á sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á dákẹ́.

Ti arákùnrin orí fóònù, ẹ má dá a lóhùn. A ò tíì gbàgbé ilé-iṣẹ́ ICC Services tó dojú dé ní 2010. Àwọn náà ṣèlérí èlé ńlá, àwọn àkọ́kọ́ rí owó gbà lóòótọ́, àwọn tó tẹ̀lé e ló san án fún wọn, ìgbà tó dà wó, owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ bá a lọ. Ẹni tó bá lè sọ 30,000 di 60,000 lóṣù kan kò níṣẹ́ tó ń wá tiyín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó èsúsú, ẹ má kọ́kọ́ gba ilé lọ. Ẹ mú ẹlẹ́rìí kan dání, ẹ lọ tààrà sọ́dọ̀ olówó èlé, ẹ ka owó náà níwájú rẹ̀, ẹ gba ìwé gbèsè tí ẹ fọwọ́ sí padà, kí ẹ sì fà á ya kí ẹ tó dìde.