Ọ̀nà Méjì Tí Wọ́n Fi Ń Yí Àbùdá Àlìkámà Padà

Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì tí à ń jẹ. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí àwọn onímọ̀ lè ṣe sí i.

Nínú ara irúgbìn ni ohun àjogúnbá wà, tí ń pàṣẹ bí yóò ti ga àti bí yóò ti fara da ọ̀dá. Òun ni à ń pè ní àbùdá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà fi ń ti àbùdá tuntun bọ inú àlìkámà.

Ọ̀nà kìíní: ìbọn

Wọ́n á fi àbùdá ra ara ẹ̀rún wúrà tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n á wá yìn ín sínú ọlẹ̀ hóró tí kò tíì gbó. Ní ọdún 1992, ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà yìí kọ́kọ́ yọrí sí rere lára àlìkámà. Ìbọn kò yan irúgbìn: èyí ni àǹfààní rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àbùdá lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tàbí kí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ọ̀nà kejì: kòkòrò inú ilẹ̀

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń jẹ́ Agrobacterium. Ó máa ń mú kókó yọ sí ìdí igi, nítorí ó ń ti díẹ̀ nínú àbùdá rẹ̀ bọ inú igi náà. Àwọn onímọ̀ yọ èyí tí ń fa kókó kúrò, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kòkòrò náà di òjíṣẹ́. Àbùdá tí ó bá gbé wọlé kì í sábà pọ̀ jù, kì í sì í sábà fọ́. Ṣùgbọ́n kì í bá àlìkámà jà ní oko, nítorí náà ọdún 1997 ni ìròyìn àṣeyọrí rẹ̀ tó jáde. Títí di òní, gbogbo irú àlìkámà kọ́ ni ó ń gbà á dáadáa.

Nínú ọ̀nà méjèèjì, inú ìgò ni wọ́n ti ń tọ́ ọlẹ̀ náà dàgbà. Ọ̀pọ̀ ni kì í yè.

Ní ọdún 2020, ìjọba Argentina fọwọ́ sí àlìkámà kan tí wọ́n fi ìbọn ṣe. Wọ́n fi àbùdá òdòdó tí àwọn Faransé ń pè ní tournesol sí i, kí ó lè fara da ọ̀dá. Wọ́n tún fi òmíràn sí i, kí oògùn apakoríko kan má baà pa á.

Ẹ kíyè sí i: ìbọn ni o, kòkòrò ni o, ọ̀nà lásán ni. Ohun tí wọ́n gbé wọlé ni kí ẹ wádìí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ wá, ẹ bi í pé: Kí ni ẹ fi sí i? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Oògùn wo ni a ó máa rà? Ṣé a lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀ de ọdún tí ń bọ̀? Abéèrè kì í ṣìnà.

Ìbéèrè

1. Kí ni àǹfààní ìbọn? Kí ni àléébù rẹ̀?
2. Kí ni wọ́n yọ kúrò lára kòkòrò náà, kí ló sì dé tí wọ́n fi yọ ọ́?
3. Ẹ jíròrò: ìbéèrè wo ni ẹ̀yin yóò kọ́kọ́ bi ẹni tí ó gbé irúgbìn tuntun wá?