Orísun Èròjà Ìpanu Aládùn Nílẹ̀ Yorùbá: Àgbéyẹ̀wò Àádùn àti Baba Dúdú

Ìfáárà
Bí a bá bi ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé níbo ni baba dúdú ti wá, yóò ní ọwọ́ ìyá tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ni. Èsì yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Iṣẹ́ yìí tọpa èròjà àwọn ìpanu tí ó wọ́pọ̀ lórí igbá àwọn ìyá wọ̀nyí, láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ adùn nínú èdè Yorùbá gbòòrò ju ọ̀rọ̀ ṣúgà lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "dùn"
"Dùn" ni Yorùbá ń lò fún oyin. Òun náà ni a ń lò fún ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti epo rẹ̀ ṣe déédéé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àádùn kò nílò ṣúgà kí ó tó yẹ fún orúkọ tí ó ń jẹ́.

Àádùn
Àgbàdo tí a yan, tí a sì lọ̀ kúnná, ni a ń fi epo pupa àti iyọ̀ pò di àádùn. Àwọn mìíràn a fi ata sí i. Yàtọ̀ sí iyọ̀, oko ilẹ̀ Yorùbá lè pèsè gbogbo èròjà yìí. A sì máa ń bá àádùn nínú ohun èlò ìsọmọlórúkọ.

Baba Dúdú
A ó rin àgbọn, a ó fún oje rẹ̀, a ó sì sè é pọ̀ mọ́ ṣúgà títí yóò fi ki, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú. Kí ó tó tutù tán ni a ó gé e, tí a ó sì yí i roboto. Agbègbè Àgbádárìgì ní Ìpínlẹ̀ Èkó lókìkí fún àgbọn. Ṣúgà ni ìṣòro. Iléeṣẹ́ Bacita, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrèké ṣe ṣúgà ní 1964. Ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí ètò ìdàgbàsókè ṣúgà ní 2012. Síbẹ̀, láti Bràsíìlì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí wọ́n ń fọ̀ mọ́ ní Àpápá ti ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Nítorí náà, bí náírà bá ti rẹlẹ̀ sí dọ́là, ọ̀rọ̀ náà kan ìyá tí ń se baba dúdú: yálà kí ó fi owó lé e, tàbí kí ó gé e kéré. Ọ̀wọ́ngógó kò yọ alá-àádùn sílẹ̀, nítorí àgbàdo àti epo náà ń wọ́n, ṣùgbọ́n kì í dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Ìkádìí
Yan, lọ̀, pò, rin, fún, sè: kí olùkọ́ má ṣe fi àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí mọ sórí pátákó ìkọ̀wé. Kí ó gbé àádùn wọ kíláàsì, kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bèèrè orísun èròjà kan lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí wọ́n sì fi Yorùbá jábọ̀. Bí ṣúgà nìkan bá di adùn lójú ọmọ wa, àádùn yóò kúrò lórí igbá, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe é yóò sì bá a lọ.