Nígbà Tí Nọ́ńbà Bá Kọ̀ Tí Kò Bá Ìṣirò Mu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ físíksì, ọjọ́ ń bọ̀ tí nọ́ńbà kan yóò jáde lójú kọ̀ǹpútà yín tí kò ní bá ìṣirò mu rárá. Ohun tí ẹ bá fi nọ́ńbà náà ṣe láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí ẹ óò kéde rẹ̀ ni iṣẹ́ wa gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo ọ̀nà tó fi lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe. Bí nọ́ńbà náà bá yege, ẹ dúró tì í, ẹni yòówù kó máa bínú.

Raymond Davis, ará Amẹ́ríkà, ló fi èyí hàn jù lójú tèmi. Ní àwọn ọdún 1960, ó gbé àgbá ràgàjì kan sínú ihò ìwakùsà góòlù Homestake ní South Dakota, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan ààbọ̀ sísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó rọ nǹkan bí 380,000 lítà kẹ́míkà tí àwọn oníláńdìrì fi ń fọ aṣọ tí kì í fẹ́ omi sínú rẹ̀. Chlorine inú kẹ́míkà yìí ló nílò, torí pé bí neutrino, èérún bíńtín tó ti inú òòrùn wá, bá kọlu átọ̀mù chlorine, ó lè sọ ọ́ di argon. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Davis á fẹ́ gáàsì helium gba inú àgbá náà, á fi kó argon jáde, á wá ka átọ̀mù tí kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Láti 1968 tó ti kọ́kọ́ tẹ èsì jáde ni iye tó ń rí ti kéré sí ohun tí ìṣirò John Bahcall, onímọ̀ físíksì tó ṣírò iye neutrino òòrùn, ń retí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó dúró sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn èèyàn ní átọ̀mù ló ń sọ nù. Davis kò bá wọn jiyàn lásán. Ó fi argon tó mọ iye rẹ̀ sínú àgbá náà, ó tún un kó jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́: ìdánwò tó lè dójú tì í níwájú gbogbo ayé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bahcall náà kò yé tún ìṣirò rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní 2001 àti 2002, ibùdó ìwádìí neutrino Sudbury ní Kánádà yanjú ọ̀rọ̀ náà. Oríṣi neutrino mẹ́ta ló wà, ọ̀kan ṣoṣo ni àgbá Davis lè rí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti yí padà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn méjèèjì jàre. Neutrino ni kò rí bí a ti rò.

Ẹnìkan lè ní bí a bá ń fura sí irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwárí ńlá á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Rárá o. Davis fura, síbẹ̀ kò ju nọ́ńbà rẹ̀ nù. Àìfura tó ló ń pa èèyàn lára. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, ẹgbẹ́ OPERA ní Gran Sasso, ní Ítálì, kéde pé neutrino tó rin nǹkan bí kìlómítà 730 láti ibùdó ìwádìí CERN ṣáájú ìmọ́lẹ̀ dé, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 60 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Àṣìṣe ni: wáyà fiber tí kò wọlé dáadáa wà lára ohun tó fà á. Mi ò ní bú wọn, torí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù púpọ̀, wọ́n sì bẹ àwọn mìíràn kí wọ́n bá wọn wá àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan wáyà yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò pẹ̀lú máa ń ṣìnà. Muon jọ electron, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 207. Láti 2001 ni ìwọ̀n agbára òòfà rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Brookhaven kò ti bá ìṣirò mu. Nígbà tí ibùdó Fermilab tún un wọ̀n, wọ́n fi ìwọ̀n gidi tí aago wọn fi ń sáré pamọ́ fún àwọn tó ń túpalẹ̀ dátà. Ẹni méjì tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà ló mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà ti èsì sí ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Èsì wọn ní 2021 bá ti Brookhaven mu. Ní 2025, ìṣirò tuntun sún mọ́ ìwọ̀n náà débi pé àlàfo ńlá tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀ kò sí mọ́.

Ẹ óò sì wí pé ẹ kò ní irinṣẹ́ olówó ńlá. Àríwísí tó wúwo nìyí, àmọ́ ẹ rántí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Pioneer 10 àti 11, tí eré wọn ń dín kù ju bí ìṣirò ṣe sọ. Àwọn kan ti fẹ́ torí rẹ̀ yí òfin òòfà-ilẹ̀ padà. Slava Turyshev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ jọ, wọ́n sì fi hàn ní 2012 pé ooru tó ń jáde lára ọkọ̀ náà, tó pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ló ń tì í. Lónìí, àlàfo mìíràn wà: dátà sátẹ́láìtì Planck fún wa ní nǹkan bí kìlómítà 67 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan fún megaparsec kọ̀ọ̀kan fún bí àgbáyé ṣe ń gbòòrò. Ìwọ̀n láti ara ìràwọ̀ ń fún wa ní nǹkan bí 73. A kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni dátà Planck lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà á, ẹ tún ìṣirò náà ṣe fúnra yín, kí ẹ sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ yín sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.