Gbígba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Wù Wá

Púpọ̀ nínú àwa tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni a ti dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé rí kí a tó wá síhìn-ín. Nítorí náà ni ó ṣe ń nira fún wa láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì kí a máa wo bí ẹlòmíràn ti ń kọ́ni. A rò pé ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ kò tún gbọdọ̀ ṣe ọmọ-iṣẹ́ mọ́. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí, ìtàn Lámídì Fákẹ́yẹ agbẹ́gilére ni ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ fún mi.

Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni Lámídì, ìdílé agbẹ́gilére ni a bí i sí, láti kékeré ni ó sì ti ń gbẹ́gi lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1940 ó dé ibi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì bá Bándélé níbẹ̀, ọmọ Arówóògún ti Ọ̀sì. Ẹni tí ó ti mọ igi gbẹ́ tún di ọmọ-iṣẹ́ Bándélé fún ọdún mẹ́ta gbáko. Mùsùlùmí ni, ti ìjọ Àgùdà sì ni ibi iṣẹ́ náà. Èyí kò dí i lọ́wọ́.

Kí ni ọmọ-iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀? Ètò iṣẹ́ ni. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa ń tẹ̀lé. Èkíní ni ọ̀nà lílé: wọn a fi irin la orí, ara àti ẹsẹ̀ ère sára ìtí igi, láìsí ojú, láìsí imú. Nínú àlétúnlé ni wọ́n ti ń pín àwọn ara ńlá wọ̀nyí sí kéékèèké, tí etí àti ẹnu fi ń yọ. Dídán ni ó tẹ̀lé e, kí ara ère lè jọ̀lọ̀. Fínfín ni ìkẹyìn: irun orí, ilà ojú, ọnà ara aṣọ. Ẹni tí ó bá kánjú fín ìpéǹpéjú nígbà tí orí kò tíì dúró dáadáa, igi ni ó ń bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì lè rí ètò yìí lára ère tí ó ti parí. Àfi kí ó jókòó ti ọ̀gá nígbà tí irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Gánà, ẹ ó mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ Bonwire.

Lámídì kò di Bándélé kejì. Iṣẹ́ tirẹ̀ dá yàtọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ sì ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti 1978. Ní 2009 ni ó kú.

Olùkọ́ kan wà níhìn-ín tí mo fẹ́ràn láti máa wò. (N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí a má baà wí pé máàkì ni mo ń wá.) Bí ó bá bi kíláàsì ní ìbéèrè, a dákẹ́, a wo ojú àwọn ọmọ yíká, kí ó tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Nípa bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ni yóò ronú. Bí ó bá kọ́kọ́ pe orúkọ, ẹnì kan ṣoṣo ni ìbá ronú. Ohùn rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sín jẹ, àti bí ó ti ń gbá tábìlì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni èmi ń kọ́. Bí mo bá ti béèrè tán, mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara mi dé àrún. Ó gùn lójú ẹni tí ó dúró níwájú. Ṣùgbọ́n ní bíi ẹ̀rin ni ọwọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.