Kí Ló Dé Tí "Mẹ́sàn-án" Fi Di "Mẹ́fà" Nínú Íápíìsì Bluetooth?

Lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìgbayè, ìrẹsì ò tó. Àbúrò mi ọkùnrin la ní kó lọ rà á ní Ìkìrun. Ó ti gun ọ̀kadà, ó ti ki íápíìsì tí kò ní wáyà bọ etí, ó ń sún mọ́ Inísà ni màmá bá pè é: kọ́ńgò mẹ́sàn-án ni kó rà. Ó ní òun gbọ́. Kọ́ńgò mẹ́fà ló gbé dé.

Màmá ní òun ò pe ẹẹ́fà. Àbúrò mi ní ohun tí òun gbọ́ nìyẹn, ó tún búra. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀ ló wá sọ fún mi pé níbi tí òun ti ń fetí wá ọ̀rọ̀ màmá, táyà iwájú ti fẹ́ gun ewúrẹ́ kan kí òun tó rí i. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ íápíìsì yìí. Ohun tí mo rí ni pé màmá ò parọ́, àbúrò mi náà ò parọ́.

Rédíò kékeré ni íápíìsì Bluetooth. Ọ̀kan wà nínú fóònù, ọ̀kan wà nínú íápíìsì, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz. Ilé iṣẹ́ Ericsson ní ìlú Lund ní Sweden ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé e lórí ní 1994. Harald Blåtand, ọba ilẹ̀ Denmark kan láyé àtijọ́, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. "Eyín búlúù" ni ìnagijẹ ọba náà túmọ̀ sí. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe orúkọ tiwa nìkan ló ń ní ìtàn. Wi-Fi wà lójú ọ̀nà 2.4 GHz yìí kan náà, nítorí náà Bluetooth kì í dúró lójú kan. Ó pín ojú ọ̀nà ọ̀hún sí 79, ó sì ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn nígbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ó dáa. Ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé tí ẹ bá ń gbọ́ orin nínú íápíìsì yìí, gbogbo ẹ̀ á mọ́ gaara, àmọ́ kí ìpè wọlé báyìí, ohùn á wá dà bíi pé inú agolo ni èèyàn ti ń sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ẹ̀bi tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan.

Orin dà bí omi inú kèrègbè. Fóònù ti ń bu díẹ̀díẹ̀ pa mọ́ kó tó dé etí yín, tí ọ̀nà bá dí fún ìgbà díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, tórí èyí tó wà nílẹ̀ lẹ ṣì ń mu. Apá kan ṣoṣo ló sì ń lọ: láti fóònù wá sí etí. Ìpè ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, kò sì sí àyè láti pa á mọ́, torí tó bá pẹ́ jù lọ́nà, ẹ̀yin méjèèjì á máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Kí ọ̀rọ̀ lè yá, íápíìsì á gé ẹrù kù. Fún orin, ó máa ń mú àpẹẹrẹ ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá di ìpè, àwọn íápíìsì àtijọ́ ń mú 8,000 péré. Ní 2011 ni wọ́n ṣe ìlànà tó jẹ́ kó lè di 16,000, àmọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e tán.

Nígbà tó bá jẹ́ 8,000, ìwọ̀nba ohùn tó wà láàárín 300 Hz sí 3,400 Hz ló ń kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹ pe "sss" lẹ́nu yín, kí ẹ tún pe "fff". Ohun tó ń jẹ́ ká dá /s/ mọ̀ ni atẹ́gùn tó ń súfèé lẹ́nu eyín, òkè 4,000 Hz ni èyí tó pọ̀ jù nínú súfèé náà sì wà. Wọ́n ti gé e kúrò kó tó dé etí. Ohun tó kù lára /s/ ò jọ nǹkan kan ju /f/ lọ. Ìdí nìyẹn tí "mo fẹ́ ẹ" àti "mo sẹ́ ẹ" fi lè di ọ̀kan náà lórí fóònù. Ẹni tó bá ń tọrọ ìyàwó lórí fóònù, kó rọra o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdè wa dáadáa lè bi mí pé, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun ló ń gbà wá? Ìbéèrè gidi ni. Ohùn ọkùnrin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ti obìnrin jẹ́ nǹkan bí igba. Méjèèjì wà nísàlẹ̀ 300 tí fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ó yẹ kí dò-rè-mí wa sọnù pátápátá, àmọ́ kì í sọnù. Ohùn èèyàn kì í dá rìn: tí ọ̀kan bá ń gbọ̀n nígbà 200, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n nígbà 400, 600, 800, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ̀nyí kọjá. Ọpọlọ á wo àlàfo 200 tó wà láàárín wọn, á sì mọ ìyá tó bí wọn láìfojú kàn án. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí.

Ìlù dùndún ń gbé ohùn dé láìní /s/, láìní /f/, a sì ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n onílù gbọ́n: gbólóhùn gígùn tí gbogbo wa ti mọ̀ ló sábà máa ń lù. Màmá mi ò lu gbólóhùn gígùn. Ó sáré pe "mẹ́sàn-án", ó gbé "án" ẹ̀yìn mì, ó ku "mẹ́sàn". Ohùn rẹ̀ bá ti "mẹ́fà" mu: òkè, ìsàlẹ̀. Ohùn ò wá lè gba àbúrò mi. Ìyàtọ̀ tó kù ni /s/, tí wọ́n ti gé, àti imú tí a fi pe "àn", tí atẹ́gùn orí ọ̀kadà bò mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wo ewúrẹ́ yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ní ààbọ̀, ọpọlọ ló ń wá ààbọ̀ yòókù. Ọwọ́ lẹ gbà sílẹ̀, ẹ ò gba ọkàn sílẹ̀. Ní 1997, Redelmeier àti Tibshirani tẹ ìwádìí wọn jáde lórí awakọ̀ 699 ní Toronto tí wọ́n ní fóònù, tí wọ́n sì ní ìjàǹbá. Ewu ìjàǹbá tó ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí wọ́n bá ń pe ìpè, àwọn tó ń lo èyí tí kì í gba ọwọ́ ò sì sàn ju àwọn tó di fóònù mú lọ. Àjọ FRSC nílẹ̀ wa ka lílo fóònù nígbà ìwakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ojú ọ̀nà Ìkìrun, Inísà sí Òkukù máa ń rò pé ti íápíìsì ti yàtọ̀. Lójú tèmi, ó tún burú sí i fún wọn, torí etí tí ẹ fi nǹkan dí ò ní tètè gbọ́ fèrè tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tí ẹ bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn nǹkan kan wà tó ń ràn án lọ́wọ́. Omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, omi sì ń mu ìgbì 2.4 GHz. Tí fóònù bá wà lápò ẹ̀yìn lápá òsì, tí íápíìsì wà létí ọ̀tún, ara yín ló dí ọ̀nà. Ẹ gbé e wá sí àpò àyà lápá ibi tí íápíìsì wà. Tí ohùn bá ṣì ń ṣe kúkúrú, ẹ pa Bluetooth kí ẹ gbé fóònù sétí fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun lè gbé ohùn tó fẹ̀ ju ti íápíìsì àtijọ́ lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Tó bá sì kan iye, ẹ má kàn pe "mẹ́sàn-án". Ẹ ní "mẹ́sàn-án, ó ku ẹyọ kan kó pé mẹ́wàá". Gbólóhùn gígùn, bíi ti onílù.

Nígbà tí wọ́n tún rán àbúrò mi ní ìrẹsì, màmá ní kí n bá òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: 9.