Ṣé Yahoo inú ìwé ni Yahoo ìgboro?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama yẹ "yahoo" wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan. Ó ní oníwàkiwà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì la sì mọ̀ ọ́n sí. Èwo ló tọ̀nà? *Òǹkàwé kan, Adégbayì, Ìbàdàn.*

ÌDÁHÙN: Méjèèjì ló tọ̀nà, orísun wọn ló yàtọ̀. Jonathan Swift ló hùmọ̀ ti inú ìwé, nínú *Gulliver's Travels* tó jáde ní 1726. Àwọn ẹ̀dá onídọ̀tí kan tó jọ ènìyàn ló fi pè. Ti ìgboro wá láti orúkọ ilé-iṣẹ́ Yahoo, nítorí í-meèlì wọn ni ọ̀pọ̀ gbájúẹ̀ kọ́kọ́ fi ń lu jìbìtì. Ìwé atúmọ̀ èdè *Oxford English Dictionary* ti gba "yahoo boy" wọlé, òun pẹ̀lú "japa" àti "agbero".

Irú àwọn ọ̀rọ̀ oníìtumọ̀ méjì báyìí pọ̀. Òwú ni "yarn" lọ́wọ́ ahunṣọ; ní ìgboro, ọ̀rọ̀ sísọ ni. "Severally" ń jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ "lọ́pọ̀ ìgbà" la fi ń pè níbí. Oxford ti kọ ìtumọ̀ tiwa náà sílẹ̀ láti 2020, bí wọ́n ṣe kọ "agric" tí a fi ń pe adìyẹ òyìnbó.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé tó bá ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé nínú ìdánwò WAEC, ìtumọ̀ ti inú ìwé ni kó lò. Láàárín ọ̀rẹ́, kò sí ẹni tí yóò bu máàkì rẹ̀.