Àkójọ Àwòrán Kúlẹ̀kúlẹ̀ ní Ọ́fíìsì Ayàwòrán-Ilé

Bí ènìyàn bá dúró lójú títì tí ó ń wo ilé tuntun, gbogbo ilé náà ni yóò rí lẹ́ẹ̀kan náà: ògiri, fèrèsé àti òrùlé. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò kọ́ ọ kò lè fi àwòrán gbogbo ilé nìkan ṣiṣẹ́. Bíríkìlà ń fẹ́ mọ bí ìsàlẹ̀ fèrèsé yóò ti dà sí òde kí omi òjò má baà wọlé. Káfíńtà ń fẹ́ mọ bí igi òrùlé yóò ti jókòó lórí ògiri. Nítorí náà ni ayàwòrán-ilé fi máa ń ya àwọn oríkèé ilé wọ̀nyí lọ́tọ̀, kí wọ́n tóbi, kí ìwọ̀n wọn sì hàn. Àwòrán kúlẹ̀kúlẹ̀ ni a ó máa pè wọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Oríkèé kan náà a máa wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, kò sì bójú mu kí a máa yà á ní tuntun lójoojúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, Ramsey àti Sleeper kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan ní ọdún 1932. Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT fi hàn pé a lè ya nǹkan lẹ́ẹ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, kí a sì pe ẹ̀dà rẹ̀ jáde níye ìgbà tí ó bá wù wá. AutoCAD dé ní ọdún 1982, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ó sì ń lò ó lónìí. Ayàwòrán yóò di àwọn ìlà oríkèé kan pọ̀ di ọ̀kan, yóò sọ ọ́ lórúkọ, yóò sì fi í pamọ́ sínú fáìlì títí di ọjọ́ tí ó bá tún fẹ́ ẹ.

Ibi tí ìrọ̀rùn wà yìí náà ni ewu wà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ó ti di ayàwòrán-ilé, sọ fún mi nípa ọ́fíìsì tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwòrán kan fún gọ́tà orí òrùlé tí ó wà lẹ́yìn párápẹ́ẹ̀tì, èyíinì ni ògiri kúkúrú tí a máa ń mọ yí òrùlé ká kí páànù má baà hàn síta. Inú gọ́tà yìí ni omi òjò ń dà sí, tí ó sì ń gba inú páìpù lọ sílẹ̀. Àwòrán náà mọ́, ó sì dára lójú. Ohun kan ṣoṣo ni ẹni tí ó yà á gbàgbé: kò ya páìpù kékeré kejì tí yóò la párápẹ́ẹ̀tì já sí ìta, ní ibi tí ó rẹlẹ̀ ju etí gọ́tà lọ, kí omi lè rí ọ̀nà jáde bí ewé bá dí páìpù ńlá. Ilé márùn-ún ni wọ́n ti fi àwòrán yìí kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nígbà òjò ọdún kan, ewé dí páìpù ọ̀kan nínú wọn. Omi kún gọ́tà, ó bo etí rẹ̀, ó sì ya wọ inú àjà. Àjà yàrá kan já lulẹ̀ sórí ibùsùn. Àwọn ọmọ tí ó ni yàrá náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya gọ́tà náà ní tuntun fún ilé kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹlòmíràn ìbá ti rí àṣìṣe náà ní ìgbà kejì tàbí ìkẹta. Kọ̀ǹpútà kò bìkítà. Ohun tí a bá fi sínú àkójọ ni yóò máa mú jáde.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà tún àwòrán náà ṣe ní ọjọ́ kejì, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí rárá. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mú àwòrán láti inú àkójọ wọ inú àwòrán ilé. Èkíní ni kí a fi ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí a da ìwé kọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àtúnṣe tí a ṣe sí ojúlówó kò ní kan ẹ̀dà tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀, àfi bí a bá fi èyí tuntun rọ́pò rẹ̀. Èkejì ni kí a so àwòrán ilé mọ́ fáìlì ojúlówó. Nígbàkúùgbà tí a bá tún ṣí i, bí ojúlówó ti rí lọ́jọ́ náà ni yóò hàn. Ọ̀nà kejì yìí dùn-ún lò, ṣùgbọ́n àwòrán tí a ti fọwọ́ sí lè yí padà nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí bíríkìlà ṣì ń fi ìwé àtijọ́ ṣiṣẹ́. Gọ́tà tí a sì ti kọ́ tán ńkọ́? Kò sí èyí tí ó lè tún un ṣe nínú ọ̀nà méjèèjì.

Bákan náà, a kò lè tún ohun tí a kò rí ṣe. Àwọn fáìlì tí ó wà ní ọ́fíìsì yìí ń jẹ́ “gọ́tà”, “gọ́tà tuntun”, “gọ́tà tuntun gan-an” àti “gọ́tà ìkẹyìn”. Ìkẹyìn yìí sì ni ó pẹ́ jù nínú gbogbo wọn! (Mo ti rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láàrin àwa olùkọ́ pẹ̀lú.) Ẹ wo ọjà wa: aláṣọ kì í jókòó sáàrin àwọn aláta, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ata mọ ìsọ̀ tí yóò yà sí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MasterFormat, tí ó pín iṣẹ́ ilé kíkọ́ sí ìpín 16 tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di 50 ní ọdún 2004. Nínú rẹ̀, 03 ni ti kọnkéré, 07 ni ti ohun tí ń dènà omi àti ooru, 08 sì ni ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Fún ọ́fíìsì kékeré, mo rò pé ó sàn kí a tẹ̀lé ilé fúnra rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí a sì fi nọ́ńbà àti ọdún tí a yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ orúkọ náà. Èyí tí kò bá wúlò mọ́, kí a kó o kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tuntun.

Bí a ó ti tẹ àwòrán náà sórí ìwé tún yẹ kí ó hàn nínú orúkọ rẹ̀. Bí ohun gidi ti tóbi tó ni a ń yà á nínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá fẹ́ kí lẹ́tà ga ní mìlímítà 2.5 lórí ìwé, tí a ó sì dín àwòrán kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, mìlímítà 25 ni a ó kọ lẹ́tà náà. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, 12.5 ni. Ẹni tí kò bá kíyè sí èyí yóò mú àwòrán jáde tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé kà.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ní ọ́fíìsì tirẹ̀ báyìí. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbà láyè kí ó máa fi àwòrán kún àkójọ níbẹ̀. Àwọn ìyókù lè mú nínú rẹ̀, wọn kò lè yí i padà. Ìwé kan sì wà tí wọ́n ń kọ orúkọ ilé sí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá mú àwòrán kan lò. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ti ìṣáájú kò ní. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi tú fáìlì àtijọ́ kiri, kí wọ́n lè kìlọ̀ fún àwọn onílé. Wọ́n rí ilé mẹ́rin, wọ́n sì fi páìpù kejì sí gọ́tà wọn. Ìkarùn-ún, ẹni tí ó ya àwòrán náà mọ̀ dájú pé ó wà, ṣùgbọ́n kò rántí ti ta ni.